Pátákó Ẹnu Ọ̀nà Abúlé

Ẹ ti fura pé ẹni tó ń yangàn pé òun kì í ṣi ènìyàn kà yóò ṣìṣe. Adéròjú, ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń bá ìjọba Ọsirélíà ka iye ènìyàn, wakọ̀ dé abúlé kan láàárín aṣálẹ̀ ibẹ̀. "Ènìyàn méje" ni wọ́n kọ sára pátákó ẹnu ọ̀nà. Ilé pọ̀, afẹ́fẹ́ nìkan ló ń ṣí ilẹ̀kùn wọn. Ó ka méje.

"Mẹ́jọ ni wá," ni Ìyá Doreen, àgbà ibẹ̀, sọ. "Ẹni tó bá sùn síbí lónìí lẹ ń kà, àbí?"

"Ìyá, èmi kì í ṣi ènìyàn kà."

"Mo ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ, ọmọ mi."

Adéròjú rẹ́rìn-ín, ó wakọ̀ lọ. Lẹ́nu ọ̀nà, "Ènìyàn mẹ́jọ" ló wà lára pátákó. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó fọwọ́ kàn án. Ọ̀dà náà ti gbó, ó ti ń bó.