Ìyàwó Kejì Níwájú Ẹ̀rọ Káńsù

Ìyá Oyèkúnlé fa ìyàwó tuntun lọ́wọ́ wọ káńsù. Ó ti búra pé Fadérera, àgàn tó jókòó sílé ọmọ òun, gbọ́dọ̀ kó jáde lónìí. Ẹ̀rọ ìgbéyàwó ní kí Oyèkúnlé kọ́kọ́ mú àtọ̀ rẹ̀ wá, bó ṣe ń sọ fún gbogbo ọkùnrin tó ń wá ìyàwó kejì. Ó wọ yàrá kékeré, ó mú un wá.

"Àlàó, ẹ kú iṣẹ́ o," ni ẹ̀rọ fi oríkì kí Oyèkúnlé. "Kò sí ohun tó lè di ọmọ nínú àtọ̀ yín. Ẹ yà sọ́dọ̀ dókítà."

Màmá gbá ẹ̀rọ létí. "Irọ́ burúkú! Ṣé Fadérera ló fún ẹ ní rìbá ni?"

Ìyàwó tuntun rọra fa ọwọ́ rẹ̀ yọ. "Ẹ má bínú, Màmá. Ẹ lọ wá ẹlòmíràn tí ẹ máa pè ní àgàn."