Oògùn Ìbàlẹ̀ Ọkàn Ìyá Kíkẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ láàárín. Ẹ kà á tán, kí ẹ sì kà á sétí ìyá yín, pàápàá tí ìyá yín bá jẹ́ ẹni tí kì í gbọ́ràn.

1.

Ọláníkẹ́, tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Ìyá Kíkẹ́, ń ta aṣọ ní Ọjà Ọba nílùú Benin. Ọdún 1974 ni ọkọ rẹ̀ kú nínú ìjàǹbá mọ́tò lọ́nà Orè. Láti ìgbà náà ni oorun ti dá lójú rẹ̀. Bí ilẹ̀kùn bá dún, àyà rẹ̀ á já. Bí ọmọ rẹ̀ bá pẹ́ dé láti ilé-ìwé, ara rẹ̀ á máa gbọ̀n. Dókítà fún un ní hóró funfun kan, ó ní kó lò ó fún ọ̀sẹ̀ méjì, kó sì padà wá.

Ó lò ó, ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó sùn. Àmọ́ kò padà lọ. Kẹ́místì kan wà ní Ikpoba Hill tí kì í bi èèyàn ní ìwé dókítà. Bí Ìyá Kíkẹ́ bá ti yọjú, ọ̀gbẹ́ni ibẹ̀ á rẹ́rìn-ín, á ní, "Mama, na di same one?" Á sì pọ́n ọn fún un nínú bébà. Ọ̀sẹ̀ méjì di ọdún méjìlá. Ẹ dákun, ṣé bí wọ́n ṣe ń ka ọ̀sẹ̀ méjì nílé tiyín nìyẹn?

2.

Morọ́láyọ̀, tí ìsọ̀ wọn jọ wà pa pọ̀, ló kọ́kọ́ rí i. Ìyá Kíkẹ́ á wọn aṣọ dé ìdajì, á gbàgbé iye tó ti wọ̀n. Ọ̀sán gangan ni yóò sùn lé ọjà lórí, tí oníbàárà á dúró títí, á sì bá tirẹ̀ lọ.

"Ìyá Kíkẹ́, oògùn yìí ti pọ̀ jù. Ẹ padà lọ rí dókítà."

"Ṣebí dókítà náà ló kọ ọ́ fún mi."

Dókítà wo? Èyí tó kọ ọ́ nígbà tí Kíkẹ́ ọmọ rẹ̀ ṣì wà ní pírámárì! Àmọ́ gbólóhùn yìí ló fi ń pa gbogbo èèyàn lẹ́nu mọ́.

Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan láti dá a dúró fúnra rẹ̀, lójijì. Kò pẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, tí òógùn bò ó, tí àyà rẹ̀ ń lù kìkì. Ó ní, "Ẹ ò rí i? Àìsàn náà ṣì wà lára mi." Kò mọ̀ pé bó ṣe já oògùn náà sílẹ̀ lójijì ló ń bá a jà. Kò sì bi ẹnikẹ́ni. Ó padà sídìí rẹ̀, ó tún fi kún un.

3.

Kíkẹ́, ìyẹn Kíkẹ́lọmọ, dàgbà, ó di olùkọ́, òun àti Adésọjí ọkọ rẹ̀ ń gbé ní Ekiadolor, nítòsí Benin. Nígbà tó bí ọmọkùnrin, Ìyá Kíkẹ́ di ẹrù rẹ̀, ó lọ wẹ ọmọ gẹ́gẹ́ bí ìyá ṣe ń ṣe. Òun ló sọ ọ́ ní Àkànní. Tó bá na ọmọ náà sórí ẹsẹ̀, tó ń bomi sí i lára, tó ń kì í, inú rẹ̀ á dùn bí ìgbà tí ọkọ rẹ̀ wà láyé.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, wọ́n wẹ ọmọ tán, ọmọ ò dákẹ́. Kíkẹ́lọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ rí oorun sùn ní yàrá. Igbe ọmọ ń já ìyá àgbà láyà. Ó tú etí ìró rẹ̀ níbi tó so oògùn mọ́, ó lo tirẹ̀, ó wá wo ọmọ náà. Ohun tí kò pa òun láti ọjọ́ yìí, kí ni ẹ̀rúnrún rẹ̀ fẹ́ ṣe ọmọ? Ó rún díẹ̀ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ó fi ṣíbí fún un mu.

Ọmọ jòjòló! Ọ̀rọ̀ yìí sú èèyàn.

4.

Ọmọ dákẹ́. Ìyá àgbà ń ká aṣọ ìlédìí, inú rẹ̀ ń dùn. Ọmú tó wúwo ló jí Kíkẹ́lọmọ. Ó gbé ọmọ sí i, ọmọ ò mu ún. Ọrùn rẹ̀ rọ, èémí rẹ̀ ń dúró kó tó tún wá.

"Màmi, kí lẹ fún un?"

"Àgbo nìkan ni."

"Màmi, ẹnu ẹ̀ ti ń dú. Kí lẹ fún un?"

"Mo ní àgbo ni. Ṣé èmi ni màá pa ọmọ-ọmọ mi?"

Adésọjí fi mọ́tò gbé wọn sáré wọ Benin. Ní gbogbo ọ̀nà, òótọ́ ọ̀rọ̀ ni Ìyá Kíkẹ́ ń rò. Bí òun bá sọ ọ́, ṣé wọ́n á tún gbé ọmọ lé òun lọ́wọ́ láé? Nílé ìwòsàn, wọ́n bi í, ó tún ní àgbo. Dókítà ní, "Tí a ò bá mọ ohun tó mu, inú òkùnkùn là ń ṣiṣẹ́ yìí." Kíkẹ́lọmọ kúnlẹ̀ síwájú ìyá rẹ̀.

"Màmi, ẹ jọ̀ọ́. Mi ò ní bínú."

Ìgbà náà ló tó tú etí ìró rẹ̀, tó fi hóró funfun náà han dókítà.

5.

Àkànní yè. Àmọ́ èémí ti wọ́n ọn tipẹ́ kí ìrànwọ́ tó dé. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sáré kiri kí òun tó lè dá jókòó, ọ̀rọ̀ kò sì já gaara lẹ́nu rẹ̀. Dókítà ní ká ní àwọn tètè mọ̀ ni, ó ṣeé ṣe kó má rí bẹ́ẹ̀.

Dókítà yẹn náà ló ń bá Ìyá Kíkẹ́ dín oògùn tirẹ̀ kù díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, títí ó fi bọ́. Ó ṣeé ṣe, ṣé ẹ rí i? Ó ti ṣeé ṣe láti ọjọ́ yìí.

Kíkẹ́lọmọ ò bínú, gẹ́gẹ́ bó ṣe ṣèlérí. Nígbà tó bí ọmọ kejì, Ìyá Kíkẹ́ dé, ó ká apá bùbá rẹ̀ sókè.

"Ẹ gbé e wá, kí n wẹ̀ ẹ́."

Kíkẹ́lọmọ kúnlẹ̀ kí i, ó gbé àga fún un. "Màmi, ẹ jókòó, ẹ sinmi. Màmá Ìjẹ̀bú ti wẹ̀ ẹ́." Ìyá ọkọ rẹ̀ ló ń pè bẹ́ẹ̀.

Omi ìwẹ̀ ọmọ náà ṣì wà lórí sítóòfù, kò tíì gbóná. Ìyá Kíkẹ́ rí i. Ó jókòó.

Ẹ̀yin tó ń kà á, mo bẹ̀ yín. Oògùn tí wọ́n ní kí ẹ lò fún ìgbà díẹ̀, ẹ má sọ ọ́ di oúnjẹ. Ẹ má sì já a sílẹ̀ lójijì. Ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà, kó bá yín dín in kù. Ẹ má fún ẹlòmíràn lò, ká má tilẹ̀ wá sọ ti ọmọ ọwọ́. Bí àṣìṣe bá sì ṣẹlẹ̀, ẹ yára sọ òótọ́, ìtìjú ò ju ẹ̀mí lọ. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.