Ọmọ Tó Sùn Síta ní Kopenhágìn

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ sún mọ́ ibí, ẹ ki ẹsẹ̀ yín bọ abẹ́ aṣọ ìbora mi, kí n sọ ti Sidsel àti Asger ọmọ rẹ̀ fún yín.

Ìlú àwọn apẹja létí òkun ni Sidsel ti wá. Ó ti pẹ́ tó ti ń wù ú láti rí Kopenhágìn. Nígbà tí Asger pé ọdún kan ààbọ̀, ó gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn, ó tẹ́ ọmọ sínú kẹ̀kẹ́ ọmọdé aláwọ̀ aró, irú èyí tó kún ìgboro, ó lóun ń lọ lo ọjọ́ mẹ́ta níbẹ̀. Maren ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò fara mọ́ ọn. Ó ní èrò ti pọ̀ jù níbẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ò sì lè máa ṣọ́ ọmọ tó ń sáré kiri.

"Odindi ni mo mú un lọ, ẹ̀gbọ́n mi," Sidsel fèsì, "odindi ni n ó mú un padà fún yín."

Wọ́n rí ààfin, wọ́n rí ọkọ̀ ojú omi, Asger ju búrẹ́dì dúdú sí pẹ́pẹ́yẹ. Àmọ́ láti ọjọ́ kejì ni ọmọ náà ti ń wúkọ́. Sidsel ò rí oorun sùn. Gbogbo ẹni tó bá ti yọjú wo inú kẹ̀kẹ́ ló ń fura sí.

Òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa padà, ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí wọ́n fi dé ilé kọfí tó kọjú sí ibùdókọ̀ rélùwéè. Asger ti sùn. Sidsel ṣe bí gbogbo ìyá ṣe ń ṣe nílẹ̀ wọn: ó fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kí ọmọ lè sùn nínú atẹ́gùn tútù, ó fa ìbòrí rẹ̀ wálẹ̀, ó wọlé.

Bàbá tó ń ta kọfí fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Ìyá ọmọ, ṣé kọfí lẹ wá mu ni àbí ilẹ̀kùn? Ojú yín ò kúrò níbẹ̀." Sidsel rẹ́rìn-ín, ó yíjú sí oúnjẹ rẹ̀. Nígbà tó máa fi gbójú sókè, bàbá náà ń wọlé bọ̀ láti ìta, yìnyín wà léjìká rẹ̀. Ó ní afẹ́fẹ́ ti ń gbá yìnyín wọ ẹnu ọ̀nà, òun ti sún nǹkan kúrò níbẹ̀, kí Sidsel jẹun rẹ̀ ní ìrọ̀rùn.

Kò pẹ́, obìnrin kan tó wé ìborùn aláwọ̀ ewé wọlé, ó jókòó ti fèrèsé. Kò fẹnu kan kọfí rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà ló ń wò. Nígbà tí ojú àwọn méjèèjì ṣe mẹ́rin, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ wò ó bó ṣe sùn," ó ní. "Ó ń ṣe mí bíi kí n lọ gbé e."

Sidsel gbé ife rẹ̀ kalẹ̀.

Obìnrin náà dìde, ó jáde, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ kẹ̀kẹ́, ó tú bíréèkì rẹ̀. Sidsel ti dé ẹ̀yìn rẹ̀. Ó tì í. Obìnrin náà yọ̀ lórí yìnyín, ó ṣubú. Sidsel gbá kẹ̀kẹ́ mú, ó sáré sọdá títì.

"Ọmọ mi ni," obìnrin náà ń ké lẹ́yìn rẹ̀. "Ẹ bá mi dá a dúró, ọmọ mi ni!"

Sidsel ò wẹ̀yìn. Ó sọ fún òṣìṣẹ́ rélùwéè pé wèrè kan fẹ́ gba ọmọ mọ́ òun lọ́wọ́. Ọkùnrin náà bá a gbé kẹ̀kẹ́ wọnú ọkọ̀, ó sì fi ara dí ẹnu ọ̀nà títí ilẹ̀kùn fi pa dé. Obìnrin náà ń gbá gíláàsì. Ọkọ̀ gbéra, obìnrin náà ń bá a sáré títí pèpéle fi tán.

"Ẹ mí kanlẹ̀, ìyáàfin," ọkùnrin náà wí. "Ọwọ́ rẹ̀ ò lè tó o mọ́."

Ilẹ̀ ń mọ́. Sidsel pe Maren lórí fóònù. Ó ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un, ó ní ewu ti kọjá, ikọ́ ọmọ gan-an ti dáwọ́ dúró.

Nígbà tó ṣe tán ló ká ìbòrí kẹ̀kẹ́ sókè, ọmọbìnrin kékeré kan sì lajú, ó wò ó títí, ó bèèrè ìyá rẹ̀.