Ìkọ́ Ilẹ̀kùn Bàálù Tíṣà

Kábbà, ọdún 1956. Láwọ̀yín alágbẹ̀dẹ jókòó sínú bàálù tí Tíṣà Bámgbóṣé fọwọ́ ara rẹ̀ kàn sí ẹ̀yìnkùlé, ó ń yọ ṣùtì ètè.

Bàálù wo? Igi ìṣáná tí wọ́n lẹ̀ pọ̀ lásán!

Iṣẹ́ tí Tíṣà gbé fún un kí ó tó gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Ìyàrà kò ju kí ó yọ ìkọ́ ilẹ̀kùn, kí ó fi ti irin tó rà ní Lọ́kọ́jà sí i.

Ó tún ní kí ó kọ́kọ́ wo ìwé tó ya bàálù náà sí!

Ìwé kẹ̀? Ta ni kò mọ̀ pé ìkọ́ Láwọ̀yín ló wà lára gbogbo ilé ewúrẹ́ ní Kábbà?

"Okun o, Baba," ni Florence, ìyàwó Tíṣà, kí i. "Ẹ ò tíì parí ni?"

"Mo ti parí tipẹ́. Iṣẹ́ yẹpẹrẹ!"

"Kí lẹ wá jókòó ń ṣe níbẹ̀?"

Láwọ̀yín gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ìyàwó, wá bá mi dán ìkọ́ náà wò láti ìta."

Ìta ni ìkọ́ ilé ewúrẹ́ máa ń wà. Ìta náà ló kàn án sí. Bó ṣe parí ní àárọ̀ ni atẹ́gùn gbá ilẹ̀kùn dé mọ́ ọn nínú, ìkọ́ sì já bọ́ sínú ihò rẹ̀.

Láti àárọ̀ ló ti ń fi èjìká ti igi ìṣáná náà.

Kò tilẹ̀ mì.