Ìlà Tí Ó Kọ Tìgbàgbọ́-tìgbàgbọ́

Ẹ̀yin ará, mo kí yín. Ọpẹ́ ni fún Ẹni tó dá wa sí.

Iná ìjọba ti lọ ní Tunga, ní ìlú Minna, bátìrì ẹ̀rọ tí ọmọ Rodiyat fi ń mí sì ń tán lọ.

"Haba, ẹnjinníà, ẹ ṣàánú mi," ni Rodiyat wí fún ẹni tó ṣe ẹ̀rọ náà.

Ẹnjinníà tú ètò kọ̀ǹpútà tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ sínú ẹ̀rọ náà wò. Bí ẹ̀rọ bá pe dókítà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí, kì í pa aago inú rẹ̀ tó jí nítorí ìpè náà, aago yóò sì máa ṣiṣẹ́ lásán, yóò máa jẹ bátìrì. Níbi tó yẹ kó kọ ohun tí ẹ̀rọ yóò ṣe bí ìpè bá kùnà, ó ti kọ: "Kò ní kùnà, lórúkọ Jésù."

Ó pa á rẹ́. Ó kọ: "Bó bá kùnà, pa aago."

Bátìrì tó ṣẹ́kù gbé ọmọ náà dé ìgbà tí iná dé.

Ẹ̀yin ará, ẹ gbàgbọ́, ṣùgbọ́n ẹ gbé òróró dání bí àwọn wúńdíá ọlọ́gbọ́n; kí òróró fìtílà yín má tán.