Tòlótòló Ìyá Ramzi

"Tètè gòkè, ọmọ mi, ó ń bọ̀!" Ọ̀jọ̀gbọ́n Shawqi kígbe látorí tábìlì rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ọ́fíìsì rẹ̀ fò gun tábìlì tòun ti fọ́ọ̀mù lọ́wọ́. Díẹ̀ ló kù kí tòlótòló ṣá a lẹ́sẹ̀.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni yóò yan ẹ̀ka tí yóò gbà nínú ìṣègùn ẹran. Bàbá rẹ̀, tó ń sin adìyẹ ní ìlú Damanhur, ti fàáké kọ́rí pé ẹ̀ka ẹyẹ ni, bẹ́ẹ̀ láti kékeré ni ẹyẹ ti ń ba ọmọbìnrin náà lẹ́rù. Ìdí nìyí tó fi wá gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ ẹni tó ti fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ni nípa ẹyẹ.

"Ẹ̀rù ń ba ẹ̀yin náà, sà?"

"Bàbá tèmi náà ló yan ẹ̀ka yìí fún mi! Òkú adìyẹ nìkan ni mò ń yẹ̀ wò."

Ìyá Ramzi, tó gbé tòlótòló rẹ̀ wá fún ìtọ́jú, pòṣé. "Ẹ sọ̀kalẹ̀ jàre! Ikọ́ lásán ló ń ṣe é."

"Mú un dání ná!"

"Èmi? Ọjọ́ wo ni mo gbàwé dókítà?"

Tòlótòló fẹ ìyẹ́ rẹ̀, ó fò sórí àga. Ọ̀jọ̀gbọ́n àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ figbe ta. Akẹ́kọ̀ọ́ náà yọ bírò, ó kọ "ẹja" sínú fọ́ọ̀mù rẹ̀ gàdàgbà.

"Ẹja kì í lé èèyàn, sà. Kí bàbá mi máa bínú lọ."

Ọ̀jọ̀gbọ́n wo tòlótòló, ó wo fọ́ọ̀mù, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ọmọ mi, ṣé fọ́ọ̀mù kan ṣì kù lọ́wọ́ ẹ?"