Súkúrúdíráfà Máṣíìnì Kọ́ Ni Wọ́n Fi Ń Tún Eyín Ṣe

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má kà á dé ìdajì kí ẹ jù ú sílẹ̀. Ẹ ka ìtàn yìí dé òpin, nítorí ẹnu yín ni.

1. Télọ̀ kan wà, Mọ̀ọ́ntán ni wọ́n ń pè é. Bí máṣíìnì rẹ̀ bá yọnu, òun fúnra rẹ̀ ní í tú u palẹ̀. Eyín iwájú rẹ̀ kan ti yọ tipẹ́. Dókítà eyín gbin òmíràn fún un: ó ri irin tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ inú eegun, ó fi súkúrù de eyín mọ́ ọn.

Ó kìlọ̀ fún un: “Ẹ má fi já òwú o, mà.”

Àmọ́ ta ló láyè àtiwá sísọ́ọ̀sì? Eyín náà ló fi ń já a.

2. Eyín bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Àbúrò rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ránṣọ rí i.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà.”

“Kó lè bá mi wí bí ọmọdé? Ṣebí súkúrù lásán ni. Gbé dígí dání!”

Ó fi abẹ́rẹ́ ha ohun tí dókítà fi dí ihò súkúrù lẹ́yìn eyín náà kúrò, ó ki súkúrúdíráfà máṣíìnì bọ̀ ọ́. Ó yí i. Ó tún yí i. Kà! Súkúrù kán sínú.

3. Ó fi pamọ́ títí èrìgì fi wú, tí ọyún ń jáde. Àbúrò rẹ̀ ló wọ́ ọ dé ọ̀dọ̀ dókítà.

“Ta ló tú u?”

Ilẹ̀ ni Mọ̀ọ́ntán ń wò. “Èmi ni.”

“Irin yìí gbọ́dọ̀ jáde. Tí ọyún bá jẹ eegun tán, kò síbi tí a óò gbin òmíràn sí mọ́.”

“Ẹ yọ ọ́, kí ẹ fi tuntun síbẹ̀ lónìí. Ojú ń tì mí.”

Àbúrò rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ̀gbọ́n mi, bí bọ́tìnì bá ya aṣọ, ṣé ojú ihò náà lẹ ó rán òmíràn mọ́?”

Mọ̀ọ́ntán fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló bọ́. “Rárá o. Màá kọ́kọ́ bu aṣọ lẹ̀ ẹ́.”

Dókítà yọ irin, ó fọ ibẹ̀ mọ́, ó bu èròjà tí yóò ran eegun lọ́wọ́ sí i, ó rán èrìgì pa.

4. Mọ̀ọ́ntán lo oògùn rẹ̀ pé, ó sì ní sùúrù. Oníbàárà á rí àlàfo eyín rẹ̀, á ní, “Fèrèsé ṣí sílẹ̀ o!” Òun náà á ní, “Ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí mi.” Nígbà tí eegun le, dókítà gbin òmíràn. Kò mì.

Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ fi eyín tuntun náà jókòó sídìí máṣíìnì, ó tún gbé òwú lọ sẹ́nu. Àbúrò rẹ̀ wúkọ́. Mọ̀ọ́ntán rọra mú sísọ́ọ̀sì tó so mọ́ ọrùn.

Ẹ gbọ́ mi o: bí eyín gbígbìn bá mì, tàbí èrìgì bá wú, ọ̀dọ̀ dókítà ni kí ẹ gbà lọ. Ẹ má tú u fúnra yín, ẹ má fi pamọ́, ẹ má sì fi ìkánjú lé dókítà léré. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.